Etí Ò Ní Ìpààrọ̀: Ẹ̀rọ Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe lórí fóònù tuntun tàbí kóòdù. Lórí etí ni, àti ariwo ibi iṣẹ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, mo ń fọ abọ́ nínú kíṣìnì wa ní Springdale, ní Brampton, ìlú tó fara ti Toronto. Fáànù tó ń fa èéfín lórí sítóòfù ń ṣiṣẹ́, omi sì ń dà nínú sínkì. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé ìkòkò àsáró dání, ó ní, "Dádì, ṣé kí n fá a?" Ohun tí èmi gbọ́ ni, "Ṣé kí n sá a?" Mo ní, "Kí o sá kí ni? Oòrùn wo ló wà nínú yìnyín yìí tí o fẹ́ sá ìkòkò sí?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá ní òkè òkun, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ náà rò pé òun ló ṣì í pè. Kò ṣì í pè rárá. Etí mi ló ṣì í gbọ́.

Ṣé etí mi ti di ni? Ó tì o. Bí fóònù bá dún ní yàrá kejì, mo máa gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá mo lọ ṣe àyẹ̀wò etí, arábìnrin tó ṣe é fún mi sì fi ìlà kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà náà ń lọ gbọọrọ, ó wá já wálẹ̀ bíi kòtò níbi 4,000 hertz, ó sì tún gòkè díẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí ariwo ti pọ̀ rí. N kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Kòtò yẹn ló tú mi fó.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá fún òṣìṣẹ́ ní ohun ìdí etí lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní íápúlọ́ọ̀gì, tí kò kọ́kọ́ wá bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe máa dákẹ́, ẹrù tirẹ̀ ló gbé lé òṣìṣẹ́ lórí. Òfin Ontario gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀.

Ibi tí ariwo ti bá mi

Ẹnjiníà sọ́fítíwià ni mí. Ariwo tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi báyìí ni ti ẹni tó gbàgbé láti pa máíìkì rẹ̀ nínú ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n mo ti gba ibi méjì kọjá kí n tó dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Àkọ́kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Ìbàdàn. Ìyá ẹlẹ́rọ ni wọ́n. Ata, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀. Ẹ́ńjìnnì Lister ló ń yí ẹ̀rọ náà, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ló sì wà pẹ̀lú wa, lábẹ́ páànù. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ìdí ẹ̀rọ ni mò ń lọ. Ìka ni oníbàárà máa ń nà sókè láti fi sọ iye ìgbà tí wọ́n fẹ́ ká lọ ata wọn, torí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn ẹnì kejì.

Ìkejì ni ilé iṣẹ́ kan níbí, tí n kò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àpótí páálí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Canada láti ṣe másítà, ajẹ́ńsì kan ló rán mi lọ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ alẹ́, wákàtí 12. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ọ̀gá tó gbà wá wọlé nawọ́ sí páálí kékeré kan lára ògiri. Fóòmù aláwọ̀ ọsàn ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ká mú méjì méjì, ká ki í bọ etí. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo gbà lórí ariwo nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo máa yọ ọ́. Bó bá ń yún mi, mo máa yọ ọ́. Láàárọ̀, bí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, etí mi á máa hó yee. Mo ṣe bí ó rẹ̀ mí ni.

Mi ò béèrè nǹkan kan. Kí ajẹ́ńsì pè mí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló jẹ mí lógún, torí owó ilé ń dúró dè mí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì tó ń ka èyí ń rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ohun tí mò ń sọ.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ló fa kòtò inú etí mi, tàbí ilé iṣẹ́ páálí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Ariwo tí èèyàn gbọ́ lónìí máa ń kún èyí tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Ohun tí ariwo ń ṣe nínú etí

Nínú etí lọ́hùn-ún, ohun kékeré kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Omi ló wà nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní irun tíntìntín lórí tò sínú ibẹ̀, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí ìró bá wọlé, omi á mì, irun á tẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì ránṣẹ́ gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ.

Ẹ fi wé koríko. Bí èèyàn kan bá gba orí koríko kọjá, á tẹ̀, á sì tún dìde. Bí gbogbo àdúgbò bá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, koríko á kú, ibẹ̀ á di ojú ọ̀nà. Etí tó hó lẹ́yìn iṣẹ́, tó sì dá lọ́jọ́ kejì, koríko tó tún dìde ni. Àmọ́ ìyẹn gan-an kì í ṣe ohun tó yẹ kó fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ní 2009, Sharon Kujawa àti Charles Liberman ní Amẹ́ríkà fi hàn lára eku pé, kódà nígbà tí àyẹ̀wò bá ní etí ti padà sípò, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fa ọ̀rọ̀ lé iṣan lọ́wọ́ lè ti bàjẹ́, kí ó má sì padà mọ́.

Sẹ́ẹ̀lì onírun tó bá kú lára èèyàn kì í hù mọ́. Ti ẹyẹ ń hù o! Ní 1988 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé, bí ariwo bá pa sẹ́ẹ̀lì inú etí adìyẹ, òmíràn máa ń hù rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bí tiwa náà ṣe lè hù. Kò tíì sí oògùn kankan ní ọsibítù tó lè ṣe é. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n ń fi sí etí ń ran èèyàn lọ́wọ́, kò burú, àmọ́ ohùn ló ń gbé sókè, kò lè hu sẹ́ẹ̀lì tuntun.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Ojú ní ìpéǹpéjú tó lè fi dé ara rẹ̀. Etí ò ní. Ọ̀sán àti òru ló ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohun tó ń wọ inú rẹ̀.

Kí ló kan èdè Yorùbá níbẹ̀?

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Gògóńgò ni àwọn ohùn yìí ti ń jáde, ìdún wọn sì rẹlẹ̀: láàárín nǹkan bí 100 sí 300 hertz bí àgbàlagbà bá ń sọ̀rọ̀ lásán. Kọ́ńsónáǹtì bíi s, ṣ, f àti t yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu kọjá ló ń ṣe wọ́n, ìdún wọn sì ga. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà láti 2,000 hertz lọ sókè.

Àárín 3,000 sí 6,000 hertz ni ariwo ibi iṣẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ ba etí jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ariwo bá ti bà létí jẹ́ ṣì ń gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kedere. Kọ́ńsónáǹtì ló ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọlọ́dẹ ló ń ṣọ́ ilé, olè ló ń fọ́ ilé. Ohùn òkè ni ṣọ́ àti fọ́, méjèèjì. Lẹ́tà kan péré ló ya ẹni tó ń dáàbò bo ilé sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń kó o. Lẹ́tà yẹn gan-an ni ariwo ń jí.

Ẹ ronú nípa dùndún. Ìlù náà ò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀. A ń gbọ́ ohun tó ń sọ torí pé a ti mọ oríkì àti òwe náà tẹ́lẹ̀. Bí onílù bá fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́ rí, ká máa méfò ló kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni màmá mi ṣe ń gbọ́ wa báyìí. Bí a bá kí wọn, wọ́n á dáhùn dáadáa, torí wọ́n mọ ìkíni. Bí mo bá wá sọ ìròyìn tuntun, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, mò ń gbọ́ ohùn ẹ, ọ̀rọ̀ ẹ ni mi ò gbọ́."

Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé ìbínú ló ń mú wọn pariwo. Lẹ́yìn náà a ní ọjọ́ orí ni. Èmi tí mo kàwé di másítà, n kò so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ata rí, àfi ọjọ́ tí mo rí kòtò tèmi.

Ìṣirò kékeré kan

Ọ̀pọ̀ aládùúgbò mi ní Springdale wá láti Punjab. Yorùbá náà wà níbẹ̀, a sì ń pọ̀ sí i. Ní ìdájí, ẹ máa rí wa ní ibùdókọ̀ Bramalea Road, pẹ̀lú bàtà onírin lẹ́sẹ̀ àti kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, à ń lọ sí fákítọ̀rì àti wiáháòsì. Ìṣirò yìí, tiwa ni.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ ọdún 2016 ni ìlànà O. Reg. 381/15 ti ń darí ọ̀rọ̀ ariwo ní àwọn ibi iṣẹ́ tí Òfin Ìlera àti Ààbò Òṣìṣẹ́ ti Ontario dé. Òpin tó fi lélẹ̀ ni dẹ́síbẹ́lì 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́. Dẹ́síbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo, àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe ń ka kílómítà. Bó bá fi 3 péré lé sí i, agbára ariwo náà ti di ìlọ́po méjì. Torí náà, bí 85 bá jẹ́ wákàtí 8, 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ wákàtí 2, 94 jẹ́ wákàtí 1. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 bíi tèmi nígbà yẹn, òpin tirẹ̀ já wálẹ̀ sí nǹkan bí 83. Owó ófátáìmù ń wọlé, àmọ́ etí ń san nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ kíyè sára. Òpin tí OSHA fi lélẹ̀ níbẹ̀ ṣì jẹ́ 90 fún wákàtí 8, 5 ni wọ́n sì fi ń ka ìlọ́po dípò 3, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NIOSH, àjọ ìwádìí ìjọba kan náà, ti dámọ̀ràn 85 àti 3 láti 1998. Ní Britain, láti 2006, agbanisíṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ láti 80, òpin pátápátá sì jẹ́ 87.

Ó yá, ohun ìdí etí ńkọ́? Lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, ẹ máa rí nọ́ńbà kan, bíi 30 tàbí 33. Ìyẹn ni iye dẹ́síbẹ́lì tó lè dín kù. Inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti rí nọ́ńbà yẹn, níbi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti fi í sí etí. NIOSH ní ti fóòmù tí à ń fọwọ́ yí, ká pín nọ́ńbà náà sí méjì kí á tó gbára lé e.

Ti yíyọ ló tún burú jù. Mo jókòó ṣe ìṣirò yìí fúnra mi, ẹ̀rù bà mí. Ká ní ohun ìdí etí yín ń dín 30 kù ní tòótọ́, tí ẹ sì lò ó fún wákàtí 8 láìyọ, 30 lẹ jèrè. Bí ẹ bá yọ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré nínú wákàtí 8 náà, nǹkan bí 12 ló kù. Bí ẹ bá yọ ọ́ fún ìlàjì àkókò náà, 3 péré ni! Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí etí wà níta ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo náà wọlé. Ta ló máa wà nínú ilé iṣẹ́ fún wákàtí 8 tí kò ní yọ ọ́ láti gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí?

Ẹ̀rọ lẹ́nu ni ká kọ́kọ́ pa mọ́

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì, ti kọ̀wé nípa àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà ní Venice tí ariwo òòlù ń sọ di adití. Ní 1886, ní Glasgow, Thomas Barr fi ìró aago kékeré dán etí àwọn tó ń kan bọ́ílà wò, ó sì fi wọ́n wé àwọn tó ń pín lẹ́tà. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ohun tó fa ìṣòro náà ò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa ṣe àtúnṣe ló kù.

Nínú iṣẹ́ tèmi, bí bọ́tìnnì kan bá ń ba fáìlì oníbàárà jẹ́, a kì í kọ ìwé lẹ̀ mọ́ ọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́." A máa ń tún bọ́tìnnì náà ṣe ni. Ẹnjiníà tó bá di ẹ̀bi ru ẹni tó ń lo ohun tó ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé, tó bá kan ariwo, òṣìṣẹ́ la máa ń bá wí pé kò wọ fóòmù rẹ̀ dáadáa?

Bí ìlànà 381/15 ṣe tò ó nìyí: kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ dín ariwo kù láti ìdí ẹ̀rọ àti nínú bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun ìdí etí ló gbẹ̀yìn. Ó lè gbára lé ohun ìdí etí bí ọ̀nà àtidín ariwo kù láti ìdí ẹ̀rọ kò bá sí tàbí tí kò bọ́gbọ́n mu, tàbí bí ohun tó ń dín in kù bá bàjẹ́ fúngbà díẹ̀, tàbí ní pàjáwìrì. Bó bá sì fún yín, ó di dandan kó kọ́ yín bí ẹ ṣe máa lò ó. Níbi tí ariwo bá sì ti ń kọjá 85 déédéé, àmì ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà tó wọ ibẹ̀.

Wọ́n á ní ó wọ́n. Òótọ́ ni pé kíkọ́ ilé yí ẹ̀rọ ńlá ká ń ná owó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àtúnṣe ò tó bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́ páálí yẹn, rọ́bà afẹ́fẹ́ kan wà tí a fi ń fẹ́ eruku kúrò lára ẹ̀rọ. Igbe rẹ̀ mú bíi fèrè. Irú ẹnu rọ́bà tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Ibi tí nǹkan ti ń já lu irin, èèyàn lè tẹ́ rọ́bà sí i. Páànù tó ń gbọ̀n nítorí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dẹ̀, kí wọ́n dè é. Bíárìn tó ń ké, kí wọ́n fi gíríìsì sí i tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò nílò èèyàn nítòsí, kí wọ́n sún un jìnnà: ní gbangba, bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ariwo á dín ní nǹkan bí 6. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, kí wọ́n béèrè iye dẹ́síbẹ́lì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè iye owó rẹ̀.

Wọ́n tún lè ní òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yọ ohun ìdí etí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà yọ ọ́. Ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ́ òun nìkan ni ààbò wa nìyẹn. Bí wọ́n bá dín ẹ̀rọ kù ní 3 péré, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa jàǹfààní, yálà ó rántí wọ fóòmù tàbí kò rántí.

N kò ní kí ẹ sọ fóòmù yín nù o. Bí wọn ò bá tíì tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ lò ó, ẹ sì lò ó dáadáa. Ẹ fọwọ́ tó mọ́ yí i kó tín-ínrín. Ẹ gba orí kọjá pẹ̀lú ọwọ́ kejì, ẹ fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ ki fóòmù wọlé, kí ẹ dì í mú síbẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá títí tó máa fi wú. Bó bá jókòó dáadáa, ohùn yín fúnra yín á máa dún nínú orí yín bíi pé ẹ wà nínú kànga. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí mo kúrò níbi iṣẹ́ yẹn ni mo tó mọ èyí.

Ní ilé ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 wà. Àmọ́ ẹni tó ní agbanisíṣẹ́ ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá ẹlẹ́rọ, alágbẹ̀dẹ, wẹ́dà, ẹni tó ń lu ara mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀gá ara wọn ni wọ́n. Ta ni wọ́n fẹ́ lọ bá?

Lẹ́yìn àyẹ̀wò mi, èmi àti àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn jọ sọ ọ́. Ó ní kí bíríkìlà mọ ògiri kan sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, wọ́n dá ihò sí i kí bẹ́líìtì lè gbà á kọjá, wọ́n sì na sàlẹ́ńsà rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé. Ariwo ò tán. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti ń fẹnu sọ iye ìgbà tí wọ́n fẹ́ ká lọ̀ ọ́. Kò lè dá ohun tó ti lọ padà fún màmá mi. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tí kò tíì pé ogún ọdún, nítorí tirẹ̀ la ṣe ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ ní bàbá, ìyá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké. Ẹ fi Yorùbá tí ẹ ní bi wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní, "Níbi iṣẹ́ yín, ṣé ẹ gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó lè gbọ́ yín?" Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ariwo ibẹ̀ ti kọjá 85. Ẹ ní, "Bí ẹ bá délé, ṣé etí yín máa ń hó?" Ẹ ní, "Kí ni wọ́n ti ṣe sí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó fún yín ní ohun ìdí etí?" Ìbéèrè kẹta yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ò béèrè rí.

Bí iPhone bá wà lọ́wọ́ yín, áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tí NIOSH gbé jáde ní 2017, NIOSH Sound Level Meter, tó lè wọn ariwo. Orí iPhone nìkan ló wà, torí Android pọ̀ lóríṣiríṣi, máíìkì wọn ò sì bára mu. Kì í ṣe ẹ̀rí tí ẹ máa gbé lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ ó tó láti fi béèrè ọ̀rọ̀.

Ta ni ẹ máa bi? Ní Ontario, ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 20 gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìlera àti ààbò tí àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 6 sí 19, aṣojú kan gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ajẹ́ńsì rán lọ, òfin náà dé yín: ajẹ́ńsì àti ilé iṣẹ́ náà ló jọ ni ojúṣe. Òfin sì ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ààbò. Mo mọ̀ pé òfin kì í lé ìbẹ̀rù lọ lójijì. Èmi náà bẹ̀rù. Nítorí náà, ẹ má dá lọ. Ẹ jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ká ní mo bi ẹni mẹ́rin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kìíní yẹn ni, ó dá mi lójú pé etí àwọn náà ń hó.

Ọmọbìnrin mi ti mọ̀ báyìí pé òun ò ṣì í pè. Mo ṣàlàyé fún un. Bí a bá fẹ́ ka Yorùbá pọ̀, a máa ń lọ sí láíbìrì Springdale, torí ibẹ̀ dákẹ́, mo sì ń gbọ́ s àti ṣ rẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Bí a bá wà nílé, òun ló máa ń lọ pa fáànù kíṣìnì kó tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀ pé ohun tó ń pariwo ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ pa.

Ẹ kọ̀wé sí wa lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbi iṣẹ́ yín tàbí ti àwọn òbí yín. Yorùbá tí ẹ bá ní náà ni kí ẹ fi kọ ọ́, a máa gbọ́ yín. Ó dìgbà kan ná.